Okùn Ìwọ̀ fún Ẹja Àrọ̀

Bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ pẹja, ìwọ̀ ni ó sábà máa ń yẹ̀ wò dáradára lọ́jà. Yóò fi ìka tọ́ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó mú, yóò ná an títí, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n ní ti okùn, èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni yóò rà. Àṣìṣe ńlá ni èyí, àrọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ fi hàn án pé àṣìṣe ni.

Àrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ epìyà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún epìyà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n irú àrọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus lè gùn ju mítà kan lọ bí ó bá dàgbà tán. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń yọ̀, ẹ̀gún mímú sì wà ní lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Eyín rẹ̀ kéékèèké, wọ́n sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi rí bí ewé ìpín. Bí ó ti ń mi orí, bẹ́ẹ̀ ni eyín wọ̀nyí ń ha okùn. Bí ó bá sì ti mọ̀ pé ìwọ̀ ti há òun lẹ́nu, ìsàlẹ̀ odò ni ó ń forí lé, sí ìdí kùkùté àti abẹ́ òkúta.

Ní ayé àtijọ́, okùn òwú ni ọ̀pọ̀ apẹja ń lò. Ó ń mu omi, ó sì ń jẹrà bí a kò bá sá a. Ní ọdún 1935 ni Wallace Carothers, ará Amẹ́ríkà, ṣe náílọ́ọ̀nù ní ilé iṣẹ́ DuPont. Kò sì pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe okùn ìwọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni irú mìíràn tún ti gbòde, èyí tí a fi fọ́nrán wẹ́wẹ́ hun pọ̀ bí ẹni ń di irun.

Àwọn tí ó fẹ́ràn okùn híhun a máa yìn ín pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, síbẹ̀ ó lágbára, àti pé kì í nà, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹja bá fẹnu kan ìjẹ báyìí, ọwọ́ ti mọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò ti lò ó? Odò Ògùn ní agbègbè Abẹ́òkúta kún fún àpáta, àpáta a sì máa tètè gé fọ́nrán wẹ́wẹ́ wọ̀nyí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ lásán fa okùn, okùn híhun dàbí abẹ. Bí àrọ̀ ńlá bá já a gbà lójijì, ìka ni yóò gé. Náílọ́ọ̀nù tí ó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo ni ó dára fún irú apẹja bẹ́ẹ̀. Omi a máa dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀, ṣùgbọ́n a máa nà bí a bá fà á, nínà yìí sì ni ó ń gba agbára ìjàkadì àkọ́kọ́.

Báwo ni kí ó ti nípọn tó? Èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ìdajì mìlímítà, bí ó bá jẹ́ ojúlówó, lè gba kílò 10 ó lé díẹ̀ kí ó tó já. Ó tó. Bí ìnípọn bá di ìlọ́po méjì, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n okùn náà yóò le gbagidi, kókó rẹ̀ kò sì ní ṣeé ta dáradára. Dípò èyí, kí a fi okùn tí ó nípọn jù, tí kò gùn ju apá kan lọ, so mọ́ ìdí ìwọ̀, níbi tí eyín àrọ̀ ti ń hà á. Kí a fi itọ́ rin kókó kí a tó fà á le, nítorí kókó gbígbẹ a máa jó okùn bí a ti ń fà á.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Omi ni ó ń gbé ẹja ró. Àrọ̀ kílò 6 kò wúwo rárá nínú odò. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi okùn gbé e gun bèbè ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ tó dé, ibẹ̀ sì ni okùn tí ó ti ha ti ń já. Ẹni tí ó bá gbé àwọ̀n kékeré lọ́wọ́ kò ní rí èyí.

Ẹja tí ó bá já lọ kì í ṣàì tóbi lẹ́nu ẹni tí ó pàdánù rẹ̀. Ohun tí kì í ròyìn ni pé ìwọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́fun ẹja náà, tí okùn sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà bí òwú. Yóò wà nínú odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò máa lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ etí omi àti mọ́ àjẹ̀ ọlọ́kọ̀. Nítorí náà ni ó fi tọ́ kí apẹja máa fi ìka méjì tọ okùn rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ kí ó tó jù ú sómi. Ibi tí ó bá rí págunpàgun, kí ó gé e kúrò, kí ó ká a sápò, kí ó sì gbé e padà wá sílé.