Máàpù Kì í Kágò

Àwa tí a ń wo dírámà Kòríà ò kéré mọ́, a ò sì fara pamọ́ mọ́. Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ló tún ń bi wá báyìí pé èwo ni káwọn kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá wá rí owó ọkọ̀ òfuurufú àti físà nínú wa, yóò fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti ya fíìmù tó pa á lẹ́kún. Busan, ìlú ńlá etí òkun ní gúúsù ìlà-oòrùn Kòríà, wà lára ibi tí ọ̀pọ̀ ń forí lé. A ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Máàpù tí wọ́n ń gbé dání lọ síbẹ̀ la fẹ́ bá jà.

Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí. Àmì pupa kan wà fún ibi tí ọkùnrin ti dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin, òmíràn wà fún àtẹ̀gùn tí òṣèré jókòó sí tó ń sunkún, òmíràn fún ilé ìyá rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó di ẹnu ọ̀nà onílé. Àwa tí à ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun mọ ìdí tí irú máàpù bẹ́ẹ̀ fi rọrùn láti ṣe: lójú kọ̀ǹpútà, ibi kan ò ju nọ́ńbà méjì lọ. Afárá, ọjà, yàrá tí ìyá arúgbó kan ń sùn sí, ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Ọmọdé tí ò tíì lọ síléèwé nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé a kì í já wọ ilé onílé láì kágò. Máàpù ò mọ àgò. Ẹni tó ṣe é ló yẹ kó bá a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ọjà Gukje. Fíìmù Ode to My Father jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, orúkọ ọjà yẹn gan-an sì ni orúkọ fíìmù náà lédè Kòríà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní mílíọ̀nù 14 ni wọ́n tà ní Kòríà nìkan. Ọmọkùnrin kan àti ìyá ẹ̀ ló sá ogun kúrò ní Hungnam ní ìparí ọdún 1950, bàbá ò bá wọn lọ, ó ní kí wọ́n máa lọ sí ìsọ̀ àǹtí ọmọ náà ní Busan. Ọmọ yẹn dàgbà, ó wa kùsà ní Jámánì, ó lọ sí Vietnam nígbà ogun, kí ilé lè rí jẹ. Ó darúgbó tán, ó kọ̀ jálẹ̀ kò ta ìsọ̀, torí ibẹ̀ ni bàbá sọ pé àwọn á ti pàdé. Ẹni tó bá wò ó tí omi ò bọ́ lójú ẹ̀, kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò.

Ìsọ̀ kan wà nínú ọjà náà lóòótọ́ tí wọ́n ti ya fíìmù yìí, tó wá ń jẹ́ orúkọ tí ìsọ̀ inú fíìmù ń jẹ́, Kkotbunine. Èrò ya bò ó, fọ́tò lọ́tùn-ún, fọ́tò lósì. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ìròyìn ti gba Kòríà kan pé ó ṣeé ṣe kí ìsọ̀ yẹn tì, nítorí pé owó tí wọ́n ń béèrè lórí àyè náà ti fò sókè. Fíìmù tó sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí kò gbà kí wọ́n lé òun kúrò nínú ìsọ̀ òun, òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹni tó wà nínú ìsọ̀ jáde! Ìjọba ìlú ní láti dá sí i. Ẹ wá sọ fún wa pé fọ́tò ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ bá wa gòkè lọ sí Gamcheon. Gbogbo yín lẹ ti rí fọ́tò ẹ̀: ilé kéékèèké aláwọ̀ mèremère tí wọ́n tò sára òkè bí àtẹ̀gùn, tí ọ̀kan ò dí èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lójú. Ọdún 2009 ni iṣẹ́ ọnà dé ibẹ̀, àmọ́ àdúgbò yẹn ti wà tipẹ́. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1950, Busan wà lára ìwọ̀nba ibi tí ọmọ ogun Àríwá ò rí gbà. Ó di olú ìlú fún ìgbà díẹ̀, ogunléndé sì ya wọ ọ́. Ẹni tí ò rí ilẹ̀ tó tẹ́jú gun orí òkè. Ní Ami-dong tí ò jìnnà sí Gamcheon, orí itẹ́ òkú àwọn ará Jàpáàn ni wọ́n kọ́lé sí. Òkúta orí ibojì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ àti àtẹ̀gùn. Ẹ fojú inú wò ó ná: èèyàn sá fún ikú, ó wá ń sun orí òkú ẹlòmíràn nítorí kò sí ibòmíràn mọ́.

Èèyàn ṣì ń gbé àwọn àdúgbò yìí, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń ṣàìsàn, wọ́n ń bá ọkọ jà. Àkọlé wà káàkiri Gamcheon tó ń bẹ àlejò pé kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má ya inú ilé àwọn. Ká tó lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ògiri, ọ̀rọ̀ ti sú wa nìyẹn.

Bákan náà ló rí ní Pohang, ìlú etí òkun mìíràn tó wà ní àríwá Busan, níbi tí wọ́n ti ya Hometown Cha-Cha-Cha lọ́dún 2021. Àwọn tó ṣe dírámà náà fúnra wọn ló kéde pé ilé onílé làwọn yá, káwọn olólùfẹ́ jọ̀ọ́ má lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ṣì wà lórí máàpù o.

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ: àlejò ń mú owó wá. Owó ta ni? Ẹni tó ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá Jagalchi ti náwó. Ẹni tó dúró síwájú géètì onílé tó ń fi ìka ṣe ọkàn, kí ló ná? Ká má tiẹ̀ purọ́, ibi tí ò ní onílé pọ̀ ní Busan ju ohun tí èèyàn lè rí tán lọ́jọ́ mẹ́ta. Black Panther ya ọjà Jagalchi àti òpópónà etí òkun Gwangalli lọ́dún 2017. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ jẹun, àmọ́ ẹ má wá kàsínò inú fíìmù yẹn lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ ẹja, kò sí níbẹ̀. (Train to Busan ńkọ́? Wọ́n ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Busan nínú ẹ̀ jàre, síbẹ̀ ẹ wà níwájú ibùdókọ̀ ojú irin tí ẹ ń sáré bí òkú tó jí.)

Ilé gan-an náà ṣeé lọ wò tí wọ́n bá ṣe é bó ti yẹ. Ní Huinnyeoul, àdúgbò etí bèbè òkun ní erékùṣù Yeongdo, ilé kan tí wọ́n lò fún The Attorney lọ́dún 2013 ti di ibi tí wọ́n ti ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ẹ wọlé, ẹ kágò, wọ́n á dá yín lóhùn. Ẹjọ́ tí fíìmù yẹn dá lé ṣẹlẹ̀ ní Busan lóòótọ́ lọ́dún 1981: wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé pọ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n fìyà jẹ wọ́n, Roh Moo-hyun tó wá di ààrẹ lẹ́yìn náà sì wà lára àwọn agbẹjọ́rò wọn. Mélòó nínú àwọn máàpù yẹn ló kọ ìyẹn sábẹ́ àmì pupa wọn? Orúkọ òṣèré ni wọ́n kọ, àti ìṣẹ́jú tí ibẹ̀ hàn nínú fíìmù.

Ohun tí à ń béèrè ò tiẹ̀ ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí àwọn tó ń ṣe máàpù yìí yọ gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé onílé kúrò. Kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé, ìlà mẹ́ta ti tó. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ jù kó bi wá, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni: ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún ohun tí ẹ̀ ń kọ sílẹ̀ nípa ibi kọ̀ọ̀kan, pé ṣé ẹnì kan ń gbé ibí? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí àmì má hàn.