Báńkì agbègbè: Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ará ìlú

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1990 ni báńkì agbègbè àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Tudun Wada, Kàdúná, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ mójú tó wọn. 250,000 náírà péré ni owó ìdásílẹ̀, iye tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn àgbẹ̀ àtàwọn ọlọ́jà lè dá jọ. Ẹni tó ń yáni lówó níbẹ̀ mọ ilé bàbá ẹni tó wá yá a. Agbára báńkì náà nìyẹn. Àìlera rẹ̀ náà sì nìyẹn, àbí ta ni yóò fi ọlọ́pàá mú àbúrò ọba nítorí gbèsè?

Ní 2005, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n di báńkì máíkírófáínáǹsì, kí wọ́n sì ní 20 mílíọ̀nù náírà kí ọdún 2007 tó parí. Àṣẹ náà nídìí, nítorí púpọ̀ nínú wọn ti ń rì. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré wo ló fẹ́ dá irú owó bẹ́ẹ̀? Èyí tó rí olówó fà á dìde là á já, ọwọ́ ará ìlú sì kúrò lórí rẹ̀.

Owó ńlá náà kò sì gba gbogbo wọn là. Wọ́n gbàwé àṣẹ báńkì 224 ní 2010, wọ́n tún gba ti 132 ní 2023. Ní 2023 yẹn, 200,000 náírà ni owó adójútòfò oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní 2024, ni wọ́n sọ ọ́ di 2 mílíọ̀nù.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú báyìí, oní-POS abẹ́ agboòrùn ni báńkì. Ó ń sanwó, ó ń gbowó, àmọ́ kì í yá àgbẹ̀ lówó ọ̀gbìn.