Iṣẹ́ Túndé Kèlání Kò Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Ṣaworoidẹ

Bí àwọn alárìíwísí bá fẹ́ yin Túndé Kèlání, Ṣaworoidẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú sẹ́nu, Agogo Èèwọ̀ a tẹ̀ lé e, Arugbá a sì gbẹ̀yìn. A kò bá àwọn fíìmù wọ̀nyí jà. Ohun tí a ń bá jà ni kí a máa kọ̀wé bí ẹni pé ọdún 1999 ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kámẹ́rà í dì mú. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti jáde ní 1993, Ayọ̀ Ni Mo Fẹ́ ní 1994, Kòṣeégbé ní 1995, Ó Le Kú sì tẹ̀ lé wọn ní 1997.

Àwáwí wọn ni pé fídíò lásán ni, pé àwòrán rẹ̀ kò dán. Ó dára. Ǹjẹ́ wọ́n wo ohun tí ó wà nínú àwòrán náà? Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, Ọ̀tún Aṣíyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù (Bàbá Wándé) ṣe, lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i. Ọdún 2016 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ṣòfin lórí àwọn ajagungbalẹ̀. Fíìmù náà ti sọ̀rọ̀ ní ọdún 23 ṣáájú, ó sì tún pa wá lẹ́rìn-ín (ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín sí Aṣíyanbí, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò).

Ti Kòṣeégbé ló dùn wá jù. Eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, ìtàn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kan tí kò gba rìbá, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì dìtẹ̀ mọ́. Ìṣọ̀lá yìí kan náà ló kọ Ṣaworoidẹ. Ìjà kan náà ni wọ́n ń jà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú Kòṣeégbé kò sí adé, kò sí ìlù tí ń pa ọba. Ọ́fíìsì ni, tábìlì àti àga, àti àwọn ènìyàn tí a lè bá pàdé lọ́la. Ní tiwa, èyí ló ṣòro jù láti ṣe, pàápàá lábẹ́ ìjọba ológun.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ títí. Ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀. Àwọn yunifásítì wa tí wọ́n ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, kí ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó kó àwọn fíìmù wọ̀nyí jọ? Olùkọ́ tí ó sì ń fi ìwé eré Kòṣeégbé kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí kò fi fíìmù rẹ̀ hàn wọ́n rí, kí ni ó fẹ́ wí?