Leica ti ń yọ rangefinder kúrò, ta ni yóò tún un ṣe fún onífọ́tò Òrù?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Leica ti ilẹ̀ Jámánì gbé kámẹ́rà tuntun kan jáde, wọ́n pè é ní M EV1. Ohun tó di ìròyìn nípa rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un, ohun tí wọ́n yọ kúrò ni. Láti ọdún 1954 tí Leica M3 ti dé, rangefinder ni gbogbo ayé fi mọ kámẹ́rà M. Èyí kò ní in. Screen kékeré ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ níbi tí ojú ti ń wòran.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó Òyìnbó. Ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé ìdí tó fi kan ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun ní Òrù, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Kí ni rangefinder gan-an? Kámẹ́rà tó pọ̀ lónìí, ohun tí lẹ́ǹsì bá rí ni ẹ̀yin náà máa rí. Rangefinder kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní fèrèsé kékeré kan ní igun rẹ̀ lókè, ibẹ̀ lẹ máa gbé ojú lé. Ó ní fèrèsé mìíràn tó jìnnà díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Dígí inú rẹ̀ máa gbé àwòrán fèrèsé kejì wá sí àárín ti àkọ́kọ́, ẹ ó wá rí ẹnì kan bí ẹni pé ìbejì ni. Bí ẹ ṣe ń yí lẹ́ǹsì, ìbejì yẹn á máa sún mọ́ra wọn. Nígbà tí méjèèjì bá wọnú ara wọn tí wọ́n di ẹyọ kan, fọ́tò yín máa mọ́ kedere. Kò sí kọ̀ǹpútà tó bá yín ṣe é, ojú yín àti ọwọ́ yín ni.

Ó ní àǹfààní. Kò ní dígí ńlá tó ń gbá sókè-sódò nínú bíi ti SLR, nítorí náà kì í pariwo. Ó kéré lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ojú ìwòran rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ju fọ́tò tí ẹ fẹ́ yà lọ, ẹ ó rí ẹni tó fẹ́ wọnú fọ́tò kó tó wọ̀ ọ́.

Ó ní àléébù pẹ̀lú, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Kò dára fún ohun tó wà lókèèrè. Ní Ojúde Ọba ọdún 2024, nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tó dúró lẹ́yìn èrò pẹ̀lú rangefinder kò ní rí nǹkan gidi mú wálé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú agboolé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, níbi tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń wé gèlè, tí wọ́n ń dé fìlà, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, iṣẹ́ rangefinder nìyẹn.

Kí ló wá pa á? Àwọn tó ń ṣe é náà ni. Nikon àti Canon tí ẹ mọ̀ lónìí, orí rangefinder ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nikon I jáde lọ́dún 1948. Lọ́dún 1959, Nikon mú ara kámẹ́rà SP tó jẹ́ rangefinder, wọ́n kọ́ SLR lé e lórí, wọ́n pè é ní Nikon F, àwọn oníròyìn sì yà síbẹ̀. Canon gbé 7s jáde lọ́dún 1965, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò tún gbé rangefinder tuntun tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ jáde. Ìdí rẹ̀ yéni: SLR lè lo lẹ́ǹsì gígùn, ohun tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ náà ni ẹ máa gbà. Rangefinder, ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tò ó, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ yẹn sì wọ́n. Nígbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú fọ́tò fúnra rẹ̀, ọjà bọ́ lọ́wọ́ rangefinder pátápátá.

Ẹni tó ṣẹ́kù láti tà á ní pàtàkì ni Leica, Leica sì sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́. Lọ́dún 2022, wọ́n tún gbé M6 jáde, kámẹ́rà fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1984. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn jẹ́ dọ́là 5,295, láìsí lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ ká ka dọ́là kan sí ₦1,500: mílíọ̀nù méje lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn máa kó gbogbo owó oṣù rẹ̀ jọ fún ọdún mẹ́sàn-án ó lé, láìjẹun, láìwọkọ̀.

Àwọn kan máa ní, “Bọ̀ọ̀dá, ra Fujifilm X100VI, ó jọ ọ́.” Òótọ́ ni, ó jọ ọ́. Nígbà tó jáde lọ́dún 2024 ní dọ́là 1,599, àwọn ènìyàn tò dè é káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n jíjọ ló jọ ọ́, kò ní rangefinder nínú. Ohun tí ìlà yẹn fi hàn mí ni pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kámẹ́rà tó ṣeé dì mú, tó ní ojú ìwòran, tí kì í ṣe fóònù. Oníbàárà wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Òrù gan-an nìyí. Àwọn ìlú yẹn kún fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí Yunifásítì Olabisi Onabanjo tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi kámẹ́rà tòkunbọ̀ ṣe òde: matric, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí. Bí bọ́ọ̀dù inú kámẹ́rà oní-dígítà bá jó, òkè òkun ni pátì rẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń tà á. Nígbà mìíràn, owó àtúnṣe máa ń sún mọ́ owó kámẹ́rà. Báyìí ni iṣẹ́ ènìyàn ṣe ń dúró.

Kámẹ́rà onírin ayé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Leica M3 tàbí Canonet QL17 lè yà láìsí bátìrì kankan. Ẹni tó bá ní àwọn irinṣẹ́ kékeré àti sùúrù lè tú u, kó nù ún, kó tò ó padà. Malick Sidibé, ọ̀gá onífọ́tò Bamako tó gba ẹ̀bùn Hasselblad lọ́dún 2003, kì í ṣe fọ́tò yíyà nìkan ló fi jẹun, ó ń tún kámẹ́rà ṣe pẹ̀lú. Àtúnṣe jẹ́ ara iṣẹ́ onífọ́tò nígbà yẹn, wọ́n sì lè fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ títí tó fi gba fíríìdọ̀mù.

Mi ò ní ká padà sí fíìmù o. Fíìmù kan, fọ́tò 36 péré, owó rẹ̀ tún ga, ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ sì ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó lọ ya ìgbéyàwó ní Òrù kò lè sọ fún ìyàwó pé kó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Rangefinder oní-dígítà ni mo ń fẹ́, irú èyí tí Epson àti Cosina jọ ṣe lọ́dún 2004, R-D1. Òun ni rangefinder oní-dígítà àkọ́kọ́ láyé, ó ṣáájú Leica M8 tó dé lọ́dún 2006. Epson ti fi í sílẹ̀. Cosina ṣì ń ṣe lẹ́ǹsì Voigtländer tó bá a mu títí dòní. Ìmọ̀ náà kò tíì kú, ó kàn ń sùn ni.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó wo Pentax. Lọ́dún 2022, Ricoh tó ni Pentax kéde pé àwọn fẹ́ tún ṣe kámẹ́rà fíìmù. Wọ́n kó àwọn àgbà ẹnjinnía tó mọ iṣẹ́ àtijọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ pọ̀, nítorí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní 2024, Pentax 17 jáde, ọwọ́ lẹ máa fi wa fíìmù inú rẹ̀. Wọn ò tà á ní dọ́là ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọn ò tà á tó 500 pàápàá. Kì í ṣe rangefinder, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́, ó lè ṣe é.

Ohun tí mo ń bẹ̀ Cosina, Ricoh tàbí Canon fún kò pọ̀: ara irin, fèrèsé méjì, bátìrì tó ṣeé pààrọ̀, pátì àti ìwé àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni lè rà. Kí wọ́n yọ fídíò kúrò bí ìyẹn bá máa dín owó kù. Kí wọ́n má ṣe é fún àpótí dígí olówó, kí wọ́n ṣe é fún òde.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Àtúnṣe kò wúlò bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òrù ló wà láàárín yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè àti Abraham Adesanya Polytechnic ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kíláàsì àtúnṣe kámẹ́rà kan ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, kódà lọ́jọ́ Sátidé nìkan, máa ṣe àwọn onífọ́tò àyíká yẹn láǹfààní kí Japan tó dá wa lóhùn. Àwọn àgbà tó ní sítúdíò láyé fíìmù, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tú lẹ́ǹsì, díẹ̀ ṣì wà. Ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà.