Aṣọ kọ́ la fi ń mọ ọ̀rẹ́: ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tó ń ta aṣọ

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ ń ta aṣọ ní ọjà Wúsè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná kí ẹ tó bú mi.

Ọdún 1993 ni mo dé Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ nígbà yẹn pé owó ń bẹ ní Àbújá. Èmi ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ títà ní Gbági n'Ìbàdàn, ni mo bá di ẹrù ańkárá mi, mo wọkọ̀. Owó tí wọ́n ní ó wà ńbẹ̀, mi ò tètè rí i o. Yàrá kan ni mo rí gbà ní Nyanya, nínú ilé tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí a bá ń din ẹyin ní yàrá kan, gbogbo ilé ló máa mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé àwọn mẹ́rin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Mẹkáníìkì, ará Òṣogbo. Télọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta. Tísà, ará Ìkàrẹ́. Dírẹ́bà, ọmọ Ọ̀fà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Aláṣọ. Orúkọ tí àwọn òbí wa sọ wá, a ò pè é mọ́. Kódà, nígbà tí ìyàwó Télọ̀ kọ́kọ́ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an létí mi, mo bi í pé ta nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ méjì nínú àwọn ọjọ́ wa fún yín.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1996. Bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì ni, Nàìjíríà àti Brazil. Tísà nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n nínú ilé wa, ó gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé rọ́ jọ, Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Gbagyi. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, Brazil ti gbá mẹ́ta wọlé, àwa ní ẹyọ kan. Tísà bínú dìde. Ó ní òun ò lè fi ojú òun rí ìtìjú, kí á bá òun gbé tẹlifíṣọ̀n òun wọlé tó bá parí. Ó wọlé lọ sùn. Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ikpeba gbá ọ̀kan wọlé, ó di 3-2. Nígbà tí eré fẹ́ parí, Kanu sọ ọ́ di 3-3. Wọ́n fi àkókò kún un, òfin ìgbà yẹn sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé ló borí. Kanu kan náà ló tún gbá a wọlé. 4-3!

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. A ń lu ìkòkò, à ń lu ọmọ odó, à ń lu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn Tísà wà nínú èyí tí a lù. Àfi bí Tísà ṣe bẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́rùn, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ń pariwo pé, "Ẹ má pa mí o, owó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!" Ó rò pé adigunjalè ló wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, a na Argentina 3-2, a gba góòlù, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà nínú bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ohun tí a rántí jù ni bẹ́ẹ̀dì Tísà. Títí dòní, bí ẹnì kan nínú wa bá fẹ́ yáwó, ohun tó máa sọ ni pé, "Tísà, ṣé ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Èkejì ni ọdún Àjíǹde 2000. Owó bébà ₦100 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú, òun sì ni owó tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà lásìkò náà. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá ní i lọ́wọ́: Bàbá Awólọ́wọ̀ wà níwájú, Òkúta Zuma wà lẹ́yìn. Dírẹ́bà ní kò bójú mu kí a máa ná òkúta tí a ò tíì lọ kí. Ni a bá kó sínú Peugeot 504 Mẹkáníìkì, àwa, àwọn ìyàwó àti ọmọ tó ṣì kéré, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín. Kí a tó kọjá Zuba, ọkọ̀ kú. Ọkọ̀ mẹkáníìkì o! A tì í, a tì í, òógùn bò wá, àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ títì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, Mẹkáníìkì jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ fi agbára sí i, ẹ̀yin le ò jẹun kánú." Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkúta náà, Télọ̀ fa ₦100 yọ, ó gbé e sókè síwájú Zuma, ó di ojú kan, ó ní òun ń wò ó bóyá ẹni tó yà á yà á dáadáa. Fọ́tò tí wọ́n yà fún wa lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo wo fọ́tò náà láìpẹ́ yìí. Télọ̀ wọ ṣòkòtò tó fi àjákù aṣọ oníbàárà rán. Dírẹ́bà wọ ṣẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Mẹkáníìkì, epo ọkọ̀ wà lára bùbá rẹ̀. Kò sí ẹni méjì tó wọ irú aṣọ kan náà, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ là.

Ìlú wá ń gbòòrò, ó sì ń tú wa ká. Ní oṣù Kejìlá 2003, nígbà tí Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì wá fún ìpàdé Commonwealth, tó ṣí Millennium Park, a ṣì ń kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ láti sáré lórí koríko. Lẹ́yìn náà, ilé wíwó dé, owó ilé lọ sókè, wọ́n fòfin de ọ̀kadà láàárín ìlú ní 2006, oníkálukú wá ibi tí agbára rẹ̀ gbé e dé. Tísà lọ sí Kubwa, Télọ̀ lọ sí Lugbe, Dírẹ́bà ń gbé Gwagwalada, Mẹkáníìkì wọ Mararaba. Díẹ̀díẹ̀, ó di pé ibi ìnáwó nìkan la ti ń ríra: ìkómọ, ìṣílé, òkú àgbà. Ìnáwó kọ̀ọ̀kan sì ní aṣọ tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ rèé. Ní oṣù Kejìlá 2023, mo ṣe ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi àgbà. Mo mú aṣọ àwọ̀ ewé kan fún àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ìyàwó, ₦38,000, owó rírán ò sí níbẹ̀. Kí n má parọ́, mo jẹ èrè díẹ̀ lórí ẹ̀. Mo fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta sanwó. Mẹkáníìkì ní òun ti gbọ́. Títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, mi ò rí owó, mi ò rí òun náà. Inú bí mi. Mo ní ẹni tí a jọ jẹun fún ọgbọ̀n ọdún ni kò lè yọjú síbi ọjọ́ ayọ̀ mi. Oṣù mẹ́jọ, mi ò pè é, òun náà ò pè mí.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ mi kú ní Kàrú. Wọ́n bá mi pe mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí. Ẹ ti mọ ẹni tó dé. Ó tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣiṣẹ́, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó tún un ṣe tán, mo ní, "Mẹkáníìkì, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Ó ní, "O ò ṣe mí ní nǹkan kan, Aláṣọ. Mo wá."

"O wá síbo?"

"Mo wá síbi ìgbéyàwó náà. Mo wọ funfun mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo rí gbogbo yín nínú àwọ̀ ewé. Ọmọge tó ń gbàlejò bi mí pé, 'Bàbá, ẹgbẹ́ wo lẹ bá wá?' Mi ò mọ èyí tí màá sọ. Mo padà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí ni ó fi 504 yẹn gbé ìyá ìyàwó lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí a bí ọmọ náà. Ẹgbẹ́ wo ló bá wá? Lóṣù náà, ó san owó WAEC ọmọ rẹ̀ méjì. Ó ń ti ojú rẹ̀ láti sọ fún mi. Ojú sì yẹ kó ti èmi gan-an.

Mo lọ sílé, mo ṣe ìṣirò. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí nígbà yẹn jẹ́ ₦30,000. Ó túmọ̀ sí pé aṣọ tí mo mú, ó ju owó oṣù odindi èèyàn kan lọ. Bí ẹnì kan bá gba ìwé ìpè márùn-ún ní oṣù Kejìlá ní irú iye bẹ́ẹ̀, ₦190,000 nìyẹn. Lọ́dún yẹn kan náà, láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó kọjá ₦500. Ọkọ̀ wíwọ̀ láti Mararaba wá sí Wúsè, òun náà di ọ̀rọ̀ àròkàn.

Mi ò sọ pé aṣọ ẹbí burú o. Ó dára lójú, ó ń fi ìfẹ́ hàn, ó sì ń fi oúnjẹ sẹ́nu èmi àti Télọ̀. Mo tún mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi èrè ibẹ̀ gbọ́ bùkátà ìnáwó. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí apá rẹ bá ká ìrẹsì igba èèyàn, pe igba. Má ṣe fi aṣọ gba owó ìrẹsì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ.

Ní ti owó níná sórí ẹni tó ń jó, ìjọba ti dá sí i. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní ẹni tó bá ń ná náírà lórí ijó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní ti aṣọ ẹbí, kò sí òfin tó máa gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa fúnra wa la máa gba ara wa.

Ohun tí mo dá lábàá rèé. Àkọ́kọ́, kí á fi aṣọ ẹbí mọ sí ọ̀dọ̀ ẹbí. Ọ̀rẹ́, ẹ sọ àwọ̀ kan fún wọn, kí oníkálukú wọ èyí tó ní nínú àpótí, tàbí kí á ra fìlà lásán. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí á fi ẹnu pe ọ̀rẹ́ àtijọ́, kí á má fi nọ́ńbà àkáǹtì pè é. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí á má dúró de ìnáwó ká tó ríra. Koríko Millennium Park ṣì wà, adágún Jabi ṣì wà, kúlà ìrẹsì kò gba gbọ̀ngàn.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù tó kọjá, àwa márààrún pàdé lórí koríko. Mẹkáníìkì ló gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ọmọ mi tí a gbé níyàwó wá, ó kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú." Ó gbà á mọ́ra, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹran kan sí i. Tísà ti ń sùn.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa márùn-ún ti ṣe é kọjá ọgbọ̀n ọdún, aṣọ àwọ̀ ewé kan ló fẹ́ bà á jẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ ronú kan ọ̀rẹ́ tí ẹ bínú sí pé kò wá síbi ọjọ́ yín. Bóyá ó wá. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ bi í.

Ire o.