Òsì Kì í Ṣe Àdúgbò Ìlọrin

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, àti lára àkọlé tí a lẹ̀ mọ́ ère ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun, orúkọ kan wọ́pọ̀: Àreògún ará Òsì-Ìlọrin. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ náà yóò rò pé àdúgbò kan ní Ìlọrin ni Òsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú Èkìtì ni Òsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìjọba amúnisìn ni ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹkùn Ìlọrin, àwọn òǹkọ̀wé sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ kó to ilẹ̀, ìtàn àti àṣà Brazil lẹ́sẹẹsẹ nínú ìdánwò kò gbọ́dọ̀ ṣàìlè ṣe irú rẹ̀ fún Òsì àti Ìlọfà. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ nípa Brazil kò wúlò. Ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ láti ayé òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àràròmí-Ọ̀pin ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, níbi tí a ti ń rí Òsì, Ọ̀bọ̀-Ilé, Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, Kòrò, Ìsàpá àti Èrúkú. Ìlọfà ni olú-ìlú Òkè-Ẹ̀rọ̀, níbi tí Òdò-Ọ̀wá, Ìdòfin àti Ayédùn wà. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, tí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ń ta, tí kòkó náà sì ń so.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ogun Ìlọrin àti ogun Ìbàdàn kò jẹ́ kí apá ibẹ̀ sùn. Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó dá ilẹ̀ Àríwá sílẹ̀ ní 1900, gbogbo ìlú tí wọ́n kà sí abẹ́ Ìlọrin bá a lọ sí Àríwá, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Ọ̀tùn-Èkìtì wà lára wọn. Àwọn ará Ọ̀tùn kò yé pariwo, ní 1936 ìjọba dá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì yòókù. Òsì àti Ìlọfà kò padà. Wọ́n di ara Kwara ní 1967, nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, wọ́n ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé, bí ọmọ Òsì bá sọ pé Èkìtì ni òun, Adó ni olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ rò.

Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n gbẹ́ kò mọ ààlà. Àreògún, tí a bí ní nǹkan bí 1880, wà lára àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: “eó” ni Èkìtì ń pe owó, ẹni tó rí owó nídìí iṣẹ́ Ògún ni wọ́n ń wí. Ọmọ rẹ̀, George Bámidélé, ni a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Arówóògùn. Orúkọ kan náà ni, ẹ̀ka-èdè ló yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka-èdè wo ni a lè rí tó dára ju èyí lọ fún kíláàsì Yorùbá? Bámidélé yìí ni ó kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì, tí Kevin Carroll wà lára wọn, dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1947. Ọmọ Òsì ń kọ́ ọmọ Ìlá níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tó béèrè ẹkùn tí ẹnikẹ́ni ti wá.

Ní Òdò-Ọ̀wá, Bámigbóyè ni ọ̀gá, òun tí a bí ní nǹkan bí 1885 tó sì kú ní 1975. Ẹ̀kú Ẹpa ni iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a ya ojú sí lára; orí rẹ̀ ni jagunjagun ń gun ẹṣin, tàbí ìyá pẹ̀lú ọmọ, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn yí wọn ká, gbogbo rẹ̀ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá gbé e sórí gbọ́dọ̀ lè jó, kí ó sì fò gun òkìtì láìṣubú. Láti oṣù Kẹsàn-án 2022 sí oṣù Kìíní 2023, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Ẹ̀rọ̀ kò gbọ́.

Ohun tí ayé ń gbọ́ nípa ilẹ̀ náà báyìí yàtọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kòrò, wọ́n pa Oníkòrò. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn ní Èrúkú, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Àwọn tí wọ́n kó padà dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ̀rù bá lé àwọn àgbà kúrò nílé, ta ni yóò sọ fún ọmọ èyí tí ó jẹ́ Ẹpa ìdílé rẹ̀? Iṣẹ́ ààbò jẹ́ ti ìjọba, kò sì yẹ kí ìjọba fi falẹ̀. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ jẹ́ ti ilé-ìwé. Kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn àgbà nígbà ìsinmi: oríkì ìlú, orin Ẹpa, orúkọ àwọn agbẹ́gilére tí ìwé kankan kò tíì dá, àti ẹ̀ka-èdè gan-an bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú “eó” rẹ̀. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.