Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sìtátísíìkì rí irinṣẹ́ lò

Ìmọ̀ sìtátísíìkì ni ìmọ̀ kíka nǹkan àti ṣíṣe àlàyé ohun tí iye náà ń sọ. Òun ni ìjọba fi ń mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kó dé ìlú kọ̀ọ̀kan, òun náà ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ń mọ̀ bóyá irúgbìn tuntun sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ṣeni láàánú pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ṣì wà nílẹ̀ yìí tó jẹ́ pé ojú pátákó nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há òfin ìṣirò sórí, yóò yege, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ka iwájú rẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ oko láìfún un ní ọkọ́ ni.

Owó ni wọ́n máa ń fi ṣe àwáwí. Lóòótọ́, owó àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan fún iṣẹ́ yìí ga, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní R. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò tilẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Láti ọdún 2011 ni RStudio Server ti wà, èyí tí ọ̀kan nínú irú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan kalẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì wọ inú rẹ̀ láti orí bíráúsà, ìyẹn ohun tí àwọn ènìyàn fi ń ka ìròyìn lórí fóònù. Kọ̀ǹpútà ńlá ni yóò ṣe iṣẹ́, ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń fi èsì hàn ni. Bí wọ́n bá so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kò pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ ra dátà.

Ibi tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò bébà pátápátá nínú ìdánwò rẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti ní gbọ̀ngàn tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀. Ìdánwò kì í ṣe ojoojúmọ́. Kí ló dé tí ẹ̀rọ yóò fi máa jókòó lásán?

Òótọ́ ni pé iná mànàmáná àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí iná bá lọ, gbogbo kíláàsì ló dúró. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn aláṣẹ ya owó sọ́tọ̀ fún sólà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ àwọn olùkọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń kọ́ géètì sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lè ra kọ̀ǹpútà ńlá yìí.

Òbí tó ta kòkó san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò rán ọmọ lọ há òfin sórí. Ó rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ni.